Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ìjọba wo ló ń sanwó ẹni tó ń tọ́jú aláàbọ̀ ara nílé?

Àdùkẹ́ Òmù-Àrán
Ọjọ́ Àìkú, 8:40 alẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìsinmi. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á.

Àbúrò mi ọkùnrin, ẹni ọdún 31, ni mọ́tò kọlù lórí ọ̀kadà lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo. Ọ̀pá ẹ̀yìn ló ti ṣèṣe. Ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ní ọsibítù kan ní Ìlọrin kí wọ́n tó ní ká máa gbé e lọ sílé. Láti orí ọmú lọ sísàlẹ̀ kò mọ ohunkóhun lára mọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ń ṣiṣẹ́, orí rẹ̀ sì pé. Rọ́bà ìtọ̀ wà lára rẹ̀. Ó di oṣù mẹ́rin tó ti wà nílé. Èmi àti màmá wa la ń wẹ̀ ẹ́, àwa la ń yí i, àwa la ń palẹ̀ ìgbẹ́ mọ́. Màmá ti lé ní 70 ọdún. Èmi náà ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ lọ́jà, ọjọ́ méjì péré ni mo ń rí i ṣí lọ́sẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin tó wà ní Houston ní ká ṣe ìwé ìrìnnà fún un, pé ìjọba Amẹ́ríkà máa ń sanwó fún ẹni tí yóò wá máa tọ́jú irú wọn nínú ilé. Ọmọ bàbá wa kan ní Manchester ní ti ìlú ọba ló dáa jù. Ẹnì kan tún mú Australia wọ̀ ọ́. Ìpàdé ẹbí lórí WhatsApp ti di ìjà.

Kí n tó fọwọ́ kan owó, mo fẹ́ mọ̀: kí ni àwọn ìjọba yìí ń ṣe gan-an? Ṣé àbúrò mi lè jẹ nínú rẹ̀? Ṣé kò sí irú rẹ̀ ní Kwara tàbí ní Nàìjíríà lápapọ̀? Ẹ má fi àánú tàn mí, òótọ́ ni mo fẹ́.

Ó ku ọ̀kan. Ibì kan lókè ìdí rẹ̀ ti dúdú ju ara yòókù lọ láti ìjẹta, ó sì ń gbóná. Ará ilé kan ní ká máa fi spírítì pa á.


Ìyá Nọ́ọ̀sì Ọ̀fà
Ọjọ́ Àìkú, 9:05 alẹ́

Àdùkẹ́ ọmọ mi, àwọn tó mọ ìlú òyìnbó á dáhùn tiwọn. Ti ìdí yẹn kò ṣeé fi di ọ̀la.

Ẹ má fi spírítì pa á o. Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n kọ́ wa láti fi spírítì ra ìdí aláìsàn ká sì fi páúdà lé e. Mo ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó ní ká jáwọ́. Spírítì ń gbẹ awọ, ríra tí ẹ ń ra á sì ń ba ẹran tó ti ń kú lọ lábẹ́ jẹ́ sí i.

Fi ìka tẹ ibẹ̀. Lára àwa dúdú kì í pọ́n bíi ti òyìnbó. Ṣe ló máa ń dúdú sí i, tàbí kó gbóná, tàbí kó le lọ́wọ́. Tí o bá tẹ̀ ẹ́ tí àwọ̀ rẹ̀ kò yí padà, egbò ti bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ bí awọ ò tilẹ̀ tíì bó. Láti alẹ́ òní, kó má fi ẹ̀yìn lélẹ̀ mọ́ títí ibẹ̀ yóò fi padà sí bó ṣe wà. Ẹ gbé e lé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, lẹ́yìn wákàtí méjì ẹ gbé e lé òsì. Kì í ṣe kó wà lórí egungun ìbàdí gan-an. Ẹ fi ìrọ̀rí ti ẹ̀yìn rẹ̀ kó fara tì díẹ̀. Ìrọ̀rí kan láàárín eékún méjèèjì. Kí aṣọ bẹ́ẹ̀dì má ká jọ sábẹ́ rẹ̀. Tí awọ bá bó tàbí tó bá ń rùn, ọsibítù lọ́jọ́ náà.


Bọ̀dá Òrò
Ọjọ́ Àìkú, 9:31 alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Níbi tí a ti tọ́jú bàbá mi, wọ́n máa ń bu omi sínú ìbọ̀wọ́ nọ́ọ̀sì fi sábẹ́ gìgísẹ̀, wọ́n á tún fi rọ́bà róbótó tó ní ihò láàárín sábẹ́ ìdí. Àdùkẹ́, ẹ lè dán ìyẹn wò.


Ìyá Nọ́ọ̀sì Ọ̀fà
Ọjọ́ Àìkú, 9:38 alẹ́

Bọ̀dá Òrò, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n má dán an wò. Rọ́bà oníhò yẹn ń fún ẹ̀jẹ̀ pa yí ihò náà ká, ibi tí a fẹ́ dáàbò bò ni kì í rí ẹ̀jẹ̀. Ìbọ̀wọ́ olómi náà kò ran gìgísẹ̀ lọ́wọ́. Ìrọ̀rí lábẹ́ iṣan ẹsẹ̀, láti ìsàlẹ̀ eékún dé ọrùn ẹsẹ̀, kí gìgísẹ̀ máa rọ̀ lófuurufú. Kò náni ní kọ́bọ̀.


Ọmọ Ọ̀fà ní Leeds
Ọjọ́ Àìkú, 11:12 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Àdùkẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Iṣẹ́ yìí gan-an ni mo ń ṣe níbí, láti ilé dé ilé, mo ń wẹ ènìyàn, mo ń gbé wọn sórí kẹ̀kẹ́. Ohun tí mo rí ni mo ń sọ.

Ní England, ẹsẹ̀ méjì ni ètò náà fi dúró. Ọ̀kan ni owó tí ìjọba àpapọ̀ ń san sọ́wọ́ aláàbọ̀ ara fúnra rẹ̀, PIP ni orúkọ rẹ̀. Wọn kì í béèrè iye tó ní ní báńkì. Lọ́dún 2025 sí 2026, ẹni tí tirẹ̀ le jù ń gba £110.40 lọ́sẹ̀ fún ìgbésí ayé ojoojúmọ́, £77.05 sì wà lọ́tọ̀ fún ìrìn. Ẹsẹ̀ kejì ni káńsù. Òfin ìtọ́jú tí wọ́n ṣe ní 2014 ní kí káńsù wá wo ènìyàn nílé rẹ̀, kí wọ́n kọ ohun tó nílò sílẹ̀. Wọ́n lè rán irú èmi sí i, wọ́n sì lè fún un lówó náà kó fi gba ẹni tó bá wù ú. Ṣùgbọ́n káńsù ń wo àpò ènìyàn: ẹni tó bá ní ju £23,250 lọ, òun ni yóò san gbogbo rẹ̀. Scotland yàtọ̀. Ẹni tí wọ́n bá ti yẹ̀ wò tí wọ́n rí i pé ó nílò ìwẹ̀, ìmúra àti ìrànlọ́wọ́ oúnjẹ, wọn kì í gba owó ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀: láti 2002 fún àwọn tó ti pé 65, láti oṣù kẹrin 2019 fún àwọn tí kò tíì pé e.

Lọ́dún 2025 sí 2026 yẹn náà, mọ̀lẹ́bí tó bá ń tọ́jú ènìyàn fún wákàtí 35 lọ́sẹ̀ lè gba £83.30 lọ́sẹ̀. Ẹ pín in wò. Kò tó £2.40 fún wákàtí kan.

Ẹ sì má rò pé òṣìṣẹ́ máa ń wà lọ́dọ̀ wọn látàárọ̀ dalẹ́. Ìṣẹ́jú 30 ni wọ́n sábà máa ń kọ sílẹ̀ fún mi láàárọ̀ láti wẹ ènìyàn, láti múra fún un, láti fún un ní tíì. Tí mo bá ti jáde, ọ̀pọ̀ wọn kì í rí ẹlòmíì títí di ọ̀sán. Bàbá kan wà tí mo máa ń lọ bá, ó máa ń to ọ̀rọ̀ tó fẹ́ bá mi sọ sílẹ̀ de ìgbà tí mo bá dé, torí kí àkókò má baà tán.

Ní ti àbúrò yín, kò lè jẹ níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ béèrè PIP gbọ́dọ̀ ti gbé níbí fún ọdún méjì nínú mẹ́ta tó kọjá, físà tí yóò bá sì fi wọlé á kọ ọ́ gbangba pé kò gbọ́dọ̀ gba owó ìjọba.


Ìdòwú Sábó-Òkè
Ọjọ́ Ajé, 6:50 àárọ̀

Ẹ sáà gbé e wọ̀lú náà pẹ̀lú físà àbẹ̀wò. Tó bá ti dé ọ̀hún, wọn ò lè lé aláìsàn jáde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe é.


Ọmọ Ọ̀fà ní Leeds
Ọjọ́ Ajé, 7:44 àárọ̀

Ìdòwú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìyẹn ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Àlejò tí kò ní ẹ̀tọ́, tó bá wọ ọsibítù níbí, iye owó ìtọ́jú náà ní ìlọ́po kan àbọ̀ ni wọ́n á kọ fún un. Gbèsè yẹn sì ń dí ọ̀nà físà lẹ́yìnwá ọ̀la. Káńsù kì í rán òṣìṣẹ́ ìtọ́jú sí ẹni tó wá ṣàbẹ̀wò.

Físà kan wà tí àgbà tó nílò ìtọ́jú lè fi bá ẹbí rẹ̀ níbí, ó sì kan àbúrò àti ẹ̀gbọ́n pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n láti 2012 ni wọ́n ti mú un le: ẹ gbọ́dọ̀ fi hàn pé irú ìtọ́jú náà kò sí nílé rárá, bí ẹbí tilẹ̀ fowó ránṣẹ́. Ẹni tó mú un wá yóò sì tọwọ́ bọ̀wé pé òun ni yóò máa gbọ́ bùkátà rẹ̀ fún ọdún márùn-ún. Èmi ò tíì rí ẹni tó rí i gbà.


Ọmọ Ẹ̀síẹ̀, Houston
Ọjọ́ Ajé, 2:20 ọ̀sán

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀gbọ́n yín kò purọ́, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ló sọ.

Medicaid ni ètò ìlera ìjọba fún àwọn tí owó wọn kò tó nǹkan. Tẹ́lẹ̀, tí ènìyàn bá nílò ìtọ́jú ńlá, inú ọsibítù tàbí ilé ìtọ́jú ni Medicaid ti ń sanwó fún un, kì í ṣe nílé. Ọmọdébìnrin kan wà ní Iowa, Katie Beckett, tó ń fi ẹ̀rọ mí. Àwọn dókítà ní ó lè máa lọ sílé, ìtọ́jú rẹ̀ nílé kò sì ní náni tó ti ọsibítù, ṣùgbọ́n tó bá lọ sílé owó á dá. Ní 1981 ni Ààrẹ Reagan mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ ní gbangba, ọdún yẹn náà ni wọ́n ṣe òfin tó jẹ́ kí ìpínlẹ̀ lè kó owó ilé ìtọ́jú lọ sínú ilé àti àdúgbò. Waiver ni wọ́n ń pè é. Ní 1999, ilé ẹjọ́ tó ga jù tún dájọ́ nínú ẹjọ́ Olmstead pé kíkó aláàbọ̀ ara pamọ́ sínú ilé ìtọ́jú nígbà tó lè gbé láàárín ìlú, tó sì fẹ́ bẹ́ẹ̀, ìyànjẹ ni.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n yín kò sọ ni pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, ọ̀pọ̀ sì ní iye ènìyàn tí wọ́n lè gbà. Àwọn yòókù á máa tò. Níbí ní Texas, mo mọ ìdílé kan tí orúkọ ọmọ wọn ti lé ní ọdún mẹ́wàá lórí ìwé kó tó kàn wọ́n. Ìpínlẹ̀ míì wà tó yá ju tiwa lọ. Tó bá kan ènìyàn, ó dára lóòótọ́: òṣìṣẹ́ á wá sílé, wọ́n á bá wọn tún ilé ìwẹ̀ ṣe, níbòmíràn mọ̀lẹ́bí pàápàá lè gba owó iṣẹ́ náà.

Ọmọ ìlú tó bá fẹ́ mú àbúrò rẹ̀ wá ní láti kọ̀wé fún un, ìwé yẹn ń pẹ́ ju ọdún mẹ́wàá lọ. Tó bá sì dé, ọ̀pọ̀ àwọn tó ní green card ń dúró ọdún márùn-ún sí i kí Medicaid tó gbà wọ́n. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n yín.


Àlàbí Pàkátà
Ọjọ́ Ajé, 9:15 alẹ́

As-salaamu alaykum. Mo máa ń bá àwọn ènìyàn àdúgbò wa forúkọ sílẹ̀ fún inṣọ́ránsì ìlera, ẹ jẹ́ kí n mú un padà wálé.

Kò sí ètò kankan ní Nàìjíríà tí ìjọba fi ń sanwó ẹni tí yóò wá máa wẹ aláàbọ̀ ara nínú ilé rẹ̀. Mo sọ ìyẹn ṣáájú kí ẹ má baà wá a kiri. Ohun tó wà rèé.

Òfin ìlera ti 2014 yọ ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú ìpìlẹ̀, apá kan rẹ̀ ń gba ọ̀dọ̀ inṣọ́ránsì ìpínlẹ̀ kọjá. Òfin inṣọ́ránsì ìlera ti 2022 tún dá àpò kan sílẹ̀ fún àwọn tí kò lágbára, aláàbọ̀ ara sì wà lára wọn. Ní Kwara, KWHIA, àjọ inṣọ́ránsì ìlera ìpínlẹ̀ náà, ló ń bójú tó o. Ẹ mú NIN rẹ̀ lọ, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀ka àwọn tí ìjọba ń san tiwọn. Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ní wọ́ọ̀dù yín ni wọ́n á kọ sórí káàdì, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ̀wé gbé e lọ sí ọsibítù ńlá.

Ẹ tún lọ bá àwọn tó ń kọ orúkọ sínú ìwé àwọn aláìní ní ìjọba ìbílẹ̀ Irẹ́pọ̀dùn. Inú ìwé yẹn ni wọ́n ti mú àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n gba ₦25,000 lẹ́ẹ̀mẹta láti 2023. Owó Arúgbó ti Kwara kì í ṣe tirẹ̀, àgbàlagbà ni wọ́n ṣe é fún. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè fún Màmá.


Ìyá Ìbejì
Ọjọ́ Ajé, 9:52 alẹ́

Káàdì yẹn? A ní in. Ilé ìwòsàn tí wọ́n kọ sórí rẹ̀, panadol àti oògùn ibà ni a ń rí gbà níbẹ̀. Rọ́bà ìtọ̀ ọkọ mi, owó wa la fi ń rà á. Òfin sì ní kí wọ́n máa tọ́jú gbogbo aláàbọ̀ ara lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ bá wa béèrè ibi tí ọ̀fẹ́ náà wà.


Àlàbí Pàkátà
Ọjọ́ Ajé, 10:20 alẹ́

Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ohun tí ẹ sọ nípa rọ́bà kì í ṣe irọ́, ìtọ́jú ìpìlẹ̀ ni káàdì náà ń san. Ibi tó ti wúlò fún irú wọn ni ìgbà tí àrùn ìtọ̀ bá wọlé tàbí tí ibà bá dé.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n tún ti òfin ṣe. Òfin tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìn-ín-ní 2019 ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe ya aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀ ní ilé ìwòsàn. Ìtọ́jú ọ̀fẹ́ tó wà nínú rẹ̀, ẹni tí àìlera rẹ̀ jẹ mọ́ ọpọlọ ni wọ́n dárúkọ. Èyí tó kan gbogbo wọn ni pé kí wọ́n má tò lẹ́yìn, kí wọ́n kọ́kọ́ dá wọn lóhùn níbi tí èrò bá ti tò. Ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà fún kẹ̀kẹ́, ọdún márùn-ún náà pé ní oṣù kìn-ín-ní 2024. Ìtanràn wà fún ẹni tó bá ya wọ́n sọ́tọ̀: ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà fún ẹnì kan, mílíọ̀nù kan náírà fún ilé iṣẹ́.


Àdùkẹ́ Òmù-Àrán
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:30 ìdájí

Ọlọ́run á san án fún gbogbo yín. Ìyá Nọ́ọ̀sì, a ò sùn, a ń yí i. Ibẹ̀ ò gbóná tó tẹ́lẹ̀ mọ́.

Mo fẹ́ béèrè nǹkan míì. Orí máa ń dédé fọ́ ọ, òógùn á bo ojú àti ọrùn rẹ̀, ara ìsàlẹ̀ á sì tutù. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ti ra oògùn ibà. Ó tún ṣe é lóru àná.


Ìyá Nọ́ọ̀sì Ọ̀fà
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:41 ìdájí

Àdùkẹ́, kì í ṣe ibà. Ka èyí fún gbogbo ẹni tó wà nínú ilé, kí o sì kọ ọ́ mọ́ ògiri.

Ẹni tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ bá ṣèṣe lókè àyà, nǹkan lè máa dùn ún nísàlẹ̀ kó má mọ̀, ara ni yóò mọ̀ fún un. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á ru sókè lójijì, ìyẹn ni orí fífọ́ àti òógùn yẹn. Ó lè pa ènìyàn. Ohun tó sábà ń fà á ni kí rọ́bà ìtọ̀ ká tàbí kó dí, kí àpòòtọ̀ kún. Nígbà míì, ìgbẹ́ tó le ni, tàbí egbò, tàbí bẹ́líìtì tó fún.

Tó bá tún ṣe é: ẹ gbé e jókòó lójú ẹsẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀ sísàlẹ̀. Ẹ má tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ẹ tú gbogbo aṣọ tó fún un. Ẹ tẹ̀ lé rọ́bà náà láti ara rẹ̀ dé inú àpò, bóyá ó ká tàbí itan rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kí àpò náà máa wà nísàlẹ̀ ju àpòòtọ̀ lọ nígbà gbogbo. Tí kò bá rọlẹ̀ ní ìṣẹ́jú díẹ̀, ọsibítù, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ọ̀pá ẹ̀yìn ni, kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru kí wọ́n tó mú ọ̀rọ̀ ibà wá. Ìgbà wo lẹ pààrọ̀ rọ́bà yẹn kẹ́yìn?


Àdùkẹ́ Òmù-Àrán
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:02 àárọ̀

A ò tíì pààrọ̀ rẹ̀ láti ọsibítù, mà. Kò sí ẹni tó sọ fún wa. A ń gbé e lọ báyìí.


Àkàndá Tanke
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:17 àárọ̀

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti ọjọ́ Àìkú. Àdùkẹ́, ọwọ́ rẹ kò ní rọ. Orí kẹ̀kẹ́ ni mo ti ń kọ èyí, ọdún kọkànlá rèé. Bíi ti àbúrò rẹ ni tèmi.

Ẹ ti ka England, ẹ ti ka Scotland, ẹ ti ka Texas. Mi ò tíì rí ẹnì kan tó béèrè ohun tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́. Ọkùnrin ẹni ọdún 31 ni. O sọ pé ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, orí rẹ̀ pé. Ṣé ó wà nínú ìpàdé WhatsApp yẹn?

Màmá mi ló wẹ̀ mí fún ọdún kan àbọ̀. Mi ò ní gbàgbé bí mo ṣe máa ń kọ ojú sí ògiri tí wọ́n bá ti gbé omi wọlé. Mi ò bá a jà, ìyá mi ni, ó ń sunkún nígbà tí kò bá mọ̀ pé mo ń wò ó. Ṣùgbọ́n mi ò kì í mu omi tó, kí n má baà fún un ní iṣẹ́. Omi tí mi ò mu yẹn ló dá àrùn ìtọ̀ tó gbé mi lọ sí ọsibítù lẹ́ẹ̀mejì sí mi lára. Ẹ bi àbúrò yín bóyá ó ń mu omi.

Nínú gbogbo ètò ìlú òyìnbó tí ẹ kà, ohun kan ló ṣeé kó wálé, kò sì gba físà. Ẹ padà sí ohun tí Ọmọ Ọ̀fà sọ: káńsù á wá, wọ́n á kọ ohun tí ènìyàn nílò sílẹ̀ ní wákàtí wákàtí, wọ́n sì lè gbé owó náà lé e lọ́wọ́ kó gba ẹni tó wù ú. Àwa aláàbọ̀ ara la jà fún ìyẹn. Ní Berkeley ní Amẹ́ríkà ní 1972, Ed Roberts àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ilé kan sílẹ̀ láti máa ran ara wọn lọ́wọ́ kí wọ́n lè gbé láyè ara wọn. Pólíò ti mú Roberts láti ọrùn, ẹ̀rọ ló fi ń mí, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń yan àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹbí tó wà ní Houston àti Manchester, owó tí ẹ fẹ́ fi ṣe ìwé ìrìnnà, ẹ sọ ọ́ di owó oṣooṣù. Ẹ má fi ránṣẹ́ sí Àdùkẹ́, àkáǹtì àbúrò rẹ̀ ni kí ẹ fi sí. Kí òun wá ọkùnrin kan, kí òun bá a dúnàádúrà, kí òun san owó rẹ̀. Wákàtí méjì láàárọ̀ àti wákàtí kan lálẹ́ ló tó mi. Mo kọ ìlànà ìwẹ̀ mi sórí páálí, láti orí dé ẹsẹ̀, èyí tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e, tó fi jẹ́ pé tí ọmọkùnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ bá rìnrìn àjò, ẹlòmíì lè ka páálí náà.

Kó tún dára pọ̀ mọ́ JONAPWD, ẹgbẹ́ àwa aláàbọ̀ ara. Ẹ̀ka Kwara wà ní Ìlọrin níbí. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe.


Ọmọ Ìgbómìnà ní Adelaide
Ọjọ́rú, 10:05 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n Àkàndá, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Nítorí pé wọ́n dárúkọ Australia, ẹ jẹ́ kí n yára sọ ọ́. NDIS ni ètò wa, òfin rẹ̀ ti 2013. Wọn kì í wo owó tó wà lápò ènìyàn. Wọ́n á bá a ṣe ètò ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, owó òṣìṣẹ́, kẹ̀kẹ́, àtúnṣe ilé, gbogbo ohun tó bá bọ́gbọ́n mu tó sì pọn dandan. Ẹni tí kò tíì pé 65 ló lè wọlé. Àwọn àgbà ní tiwọn, wọ́n sì tún un tò ní oṣù kọkànlá 2025. Ọmọ ìlú tàbí ẹni tó ní ìwé ìgbélùú títí ayé ni. Àlejò kò sí nínú rẹ̀. Wọn kì í sì í sábà fi owó náà san mọ̀lẹ́bí, ìyẹn ń ya ọ̀pọ̀ wa tó dé láti ilé lẹ́nu.

Ibì kan wà tí mi ò bá yín lọ tán. Níbí, mo ti rí ẹni tí wọ́n gbé gbogbo owó lé lọ́wọ́, tí òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo tó gbà kò wá lọ́jọ́ Sátidé, tó sì wà lórí bẹ́ẹ̀dì títí di ọjọ́ Ajé. Ìyẹn ní ìlú tí ìjọba ń sanwó o. Kí àbúrò yín mọ ènìyàn méjì, kì í ṣe ẹyọ kan. Kí mọ̀lẹ́bí kan sì mọ gbogbo iṣẹ́ náà de ọjọ́ àìròtẹ́lẹ̀.


Àkàndá Tanke
Ọjọ́rú, 1:30 ọ̀sán

Òótọ́ lẹ sọ. Ènìyàn méjì.


Àdùkẹ́ Òmù-Àrán
Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:10 ìrọ̀lẹ́

Ẹ má bínú pé mo dákẹ́. Rọ́bà yẹn ti dí díẹ̀, iyanrìn ìtọ̀ ló dì sínú rẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, orí fífọ́ náà kò tíì padà wá. Ìdí rẹ̀ ti mọ́. Mo kọ ọ̀rọ̀ Ìyá Nọ́ọ̀sì mọ́ ògiri lókè bẹ́ẹ̀dì.

Mo ka ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n Àkàndá sí i létí. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó wá ní, "Mo ti ń dín omi kù." A ò mọ̀ rárá. Màmá dìde, ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé.

A fi í sínú ìpàdé ẹbí. Ó ní òun ò lọ sí ìlú kankan báyìí, pé òun fẹ́ ọkùnrin tí yóò máa wẹ òun, òun sì fẹ́ padà sídìí títún fóònù ṣe, torí ọwọ́ lòun fi ń ṣe é. Ẹ̀gbọ́n wa ní Houston bínú ní ọjọ́ méjì, ó wá ní òun ti gbọ́. Òun àti ti Manchester ń fowó sí àkáǹtì àbúrò mi báyìí. Ó ti gba ọmọkùnrin kan ní àdúgbò wa, èkejì ń bọ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀. Inṣọ́ránsì ti gba orúkọ rẹ̀, káàdì kò tíì jáde. Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ yìí.

Ó ní òun fẹ́ béèrè nǹkan fúnra òun. Ọwọ́ rẹ̀ ló tẹ èyí tó kàn.

Ẹ káàsán, ẹ̀gbọ́n Àkàndá. Èmi ni. Ìnṣì 14 ni àtẹ̀gùn tó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ga sí, ìnṣì 24 ni ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀, kẹ̀kẹ́ mi sì fẹ̀ tó 25. Bíríkìlà ní ká fọ́ ògiri. Ṣé ọ̀nà míì wà? Báwo ni mo sì ṣe lè máa wo ìdí mi fúnra mi, kí n má máa pe ẹnikẹ́ni?


Àkàndá Tanke
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:48 ìrọ̀lẹ́

Àbúrò mi, káàbọ̀.

Ti ọ̀dẹ̀dẹ̀: ẹ ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ fún kẹ̀kẹ́; ìnṣì kan gíga, ẹsẹ̀ bàtà kan gígùn. Ìnṣì 14 yẹn fẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 14. Tí bíríkìlà bá ní mẹ́fà ti tó, má gbà; wàá ṣubú sẹ́yìn lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Tí iwájú ilé kò bá gùn tó, kó yí i bíi igun, kó sì ṣe ibi ìsinmi tó tẹ́jú sí àárín.

Ti ilé ìwẹ̀: ẹ yọ ilẹ̀kùn àti férémù rẹ̀ ná, kí ẹ tó fọwọ́ kan ògiri, kí ẹ ta kọ́tínì síbẹ̀. Férémù nìkan máa ń jẹ tó ìnṣì mẹ́ta. Lẹ́yìn náà kí ẹ tún wọ̀n ọ́n.

Ti ìdí: dígí pẹlẹbẹ tó ní ọwọ́ gígùn. Fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, gbé e sẹ́yìn, fi tọ́ọ̀ṣì fóònù tàn án. Àárọ̀ àti alẹ́. Nígbà tí o bá wà lórí kẹ̀kẹ́, ṣètò fóònù kó máa dún ní ìṣẹ́jú 30 30, tó bá dún, tẹ̀ síwájú lé itan rẹ fún bíi ìṣẹ́jú méjì kí ẹ̀jẹ̀ lè dé ìdí.

Fi nọ́ńbà kẹ̀kẹ́ náà ránṣẹ́ sí mi, èyí tó wà lábẹ́ ìjókòó. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá a lè rí táyà tó kéré sí i fún un.